Omi Ẹ̀yìn Òkúta

Ọjọ́ Ajé, 14 Nòfẹ́ńbà 1994

Odò àtọwọ́dá inú ọgbà wa tún gbẹ mọ́jú. Àná ni mo fi garawa pọn omi kún un dé etí, NEPA múná wá lásìkò, pọ́ǹpù gbé omi gun òkè, ó sì ń já bọ́ lórí òkúta. Nígbà tí mo jí, ẹrẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ àti ewé máńgòrò. Mo dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹkún ni mo fẹ́ sun, ẹ̀rín ló jáde.

Láti inú oṣù Keje tí sítíróòkì ti gba ẹnu Bàbá Ìtùnú àti apá ọ̀tún rẹ̀, odò yìí nìkan ló ń bá a wá oorun. Tí omi bá ti ń lọ, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní fàráńdà, á di ojú, oorun á gbé e lọ. Bó bá jí, á jẹun. Ní báyìí tí odò ò gba omi dúró mọ́, kì í sùn, síbí ẹ̀kọ mélòó kan ló sì ń jẹ lóòjọ́. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ débi pé èmi nìkan lè gbé e dìde.

Odò tí mo ti bú títí nìyí. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìntì ní ilé iṣẹ́ omi, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò kó òkúta wá láti ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, mo ní, "Ẹnjinníà, ará Ìlọrin ń tò sídìí tánkà, ẹ̀yin ń fi omi ṣeré." Nígbà tó kọ́ ọ tán, tó jókòó tì í, tó di ojú, mo ní, "Ẹ kọ́ nǹkan tán, ẹ ò wò ó." Á ní, "Ìyá Ìtùnú, jẹ́ n sinmi." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ lónìí, kódà kó fi èébú lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Nòfẹ́ńbà

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìtùnú wá láti Ọ̀mù-Àrán. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ pẹ́, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, lẹ́yìn náà ó pè mí sí pálọ̀.

"Ìyàwó wa, a ti sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tí kò jẹ, tí kò sùn, kí ló ń ṣe ní Ìlọrin? A fún un láyè di òpin oṣù Kejì. Bí kò bá yí padà, a ó wá gbé e lọ sílé."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dókítà sọ pé tó bá ń jẹun, tó sì ń sùn, ara rẹ̀ lè yá níbí."

"Dókítà kọ́ la jọ sun ẹ̀yìn ìyá kan náà." Ó wo odò gbígbẹ láti ojú fèrèsé. "Òkúta tó ń rù kiri yẹn ló sì mu agbára rẹ̀ tán."

Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sílé báyẹn, mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Òun náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tí a lọ kí aláìsàn kan ní Ọ̀mù-Àrán, ó sọ fún mi nínú mọ́tò pé, "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi wá jókòó sínú yàrá kí n máa wo àjà." Mo ṣèlérí fún un. Ẹnu dùn ún ṣèlérí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Nòfẹ́ńbà

Pásítọ̀ ní bí omi bá dànù, tí agbè ò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Ní ilé tiwa, agbè gan-an ló fọ́.

Ọjọ́ Ajé, 28 Nòfẹ́ńbà

Mo ránṣẹ́ pe Àúdù, bíríkìlà ará Ṣàngó tó mọ ògiri ọgbà wa. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí òkúta, ó fi búùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá da omi díẹ̀díẹ̀ sókè, ó ń wo ibi tó ń gbà.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Díẹ̀ ló ń gba iwájú. Ẹ̀yìn òkúta ni ìyókù ń wọ̀. Ihò ńlá wà níbẹ̀, ewúrẹ́ lè sùn sínú ẹ̀."

"Ṣé kì í padà yọ nísàlẹ̀ ni?"

"Ó ń yọ díẹ̀. Àmọ́ omi téèyàn ò bá ti rí, wàláì, ó ti lọ nìyẹn."

Mo gbà. Ta ni kò ní gbà nílùú yìí? Omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, tí mo lè ti ọwọ́ bọ̀, ni mo mọ̀ pé mo ní. Èyí tí wọ́n ní ó ń bọ̀ nínú páìpù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àúdù ní tí a bá fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà, àfi ká kó òkúta sílẹ̀. Mo kọ̀. Tí a bá kó o sílẹ̀, ẹni tó mọ bó ṣe tò ó kò lè bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Disẹ́ńbà

Mo lọ tò sídìí tẹlifóònù, mo bá Ìtùnú sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ń pariwo, òun ń pariwo, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà mọ ọ̀rọ̀ odò wa.

Ó ní, "Mummy, fóòmù kan wà tó ń wá nínú agolo. Ẹ máa fún un sínú ihò yẹn, á wú, á le, omi ò ní lè gba ẹ̀yìn mọ́. Iwájú òkúta ni gbogbo ẹ̀ á máa gbà. Òun làwọn tó ń ṣe odò ọgbà níbí ń lò."

"Fóòmù bíi ti bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó jọ ọ́, Mummy. Mo máa kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́." Ó wá béèrè pé, "Ṣé Daddy ń sùn?" Mo ní ó ń sùn. Kí ni n bá sọ?

Ọjọ́ Àìkú, 25 Disẹ́ńbà

Kérésìmesì. Ọyẹ́ bo ìlú, a ò rí òpin àdúgbò. Epo mọ́tò ti di náírà mọ́kànlá lítà kan, ẹnikẹ́ni ò wá kí wa. Mo se adìyẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná fún Bàbá Ìtùnú. Ó pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Jánúárì 1995

Dúrọ́ọ̀mù Ìtùnú dé. Àwọn agolo náà wà láàárín ìrẹsì àti súwẹ́tà, wọ́n gùn bí agolo oògùn ẹ̀fọn. Mo gbé ọ̀kan lọ fi han Bàbá Ìtùnú ní fàráńdà. Ó wò ó, ó wo àwòrán òkúta àti omi tó wà lára rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kan apá àga: kó, kó, kó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, a máa ṣe é." Ó ń kàn án títí mo fi kó wọn wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Jánúárì

Ká má rí i. Gbogbo àárọ̀ ni èmi àti Àúdù fi ń nu òkúta. Ó ní ibi tó bá tutù kì í gba ọ̀dà, pé fóòmù náà ò ní gba ibi tútù. Ó bá mi lára mu. A fi àkísà nu ibẹ̀ títí ó fi gbẹ kanrangandan, ọyẹ́ sì ń bá wa gbẹ ẹ́.

Ó mi agolo, ó tẹ ẹ́. Fóòmù yọ, ó ń wú bí àkàrà nínú epo, ó wú, ó wú, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, inú rẹ̀ sì ń fà bí ilá. Àúdù fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kejì ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ìyẹn náà lẹ̀. Ó fi fìlà nù ún, fìlà di ti òkúta. Ní apá òsì, èyí tó wú ti òkúta kan kúrò láyè rẹ̀, ó já sínú odò, ó fọ́ etí odò.

Agolo méjì lọ báyẹn. Mo wẹ ọwọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì, kò lọ. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ìwé yìí ṣì dúdú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Jánúárì

Mo wọ awò, mo ka ara agolo. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé kí a kọ́kọ́ fi omi rẹ ibẹ̀, pé ìrì inú afẹ́fẹ́ ni fóòmù yìí ń mu kó tó lè le. Ìrì wo ló wà nínú ọyẹ́ Ìlọrin, tí ètè gbogbo wa ti là? Olùkọ́ àgbà ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì. Ó pẹ́ tí mo ti ń na ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn.

Nítorí náà, ká tó lè dí omi, àfi ká wá omi. Tánkà ò sì wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Jánúárì

Omi ẹ̀rọ ò yọ. Kànga Hàjíà Rahama tó múlé tì wá ti ń fa yẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí n máa wá pọn díẹ̀. Mo ń pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, ti mímu àti ti ìwẹ̀ Bàbá Ìtùnú. Kò sùn láná. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ là.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Fẹ́búárì

Àwọn Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo ní kí Àúdù fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìṣínu, nítorí iṣẹ́ náà gba kó máa wọ́n omi sára òkúta. Ó ní, "Màmá, omi tó wà lọ́wọ́ kọ́ ló ń ba ààwẹ̀ jẹ́, èyí tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun ni." Ètè rẹ̀ funfun, ó ń wọ́n omi, ó ń fún fóòmù díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Lọ́tẹ̀ yìí ó wú, ó sì dúró. Ó ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ etí odò tó fọ́.

Bàbá Ìtùnú ń kan àga láti àárọ̀. Ó kàn án débi tí awọ ẹ̀yìn ìka rẹ̀ fi bó. Mo ní ìkánjú ló ń ṣe é. Òórùn fóòmù náà ò dáa fún un, mo gbé e wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì

Ó ṣiṣẹ́! Tánkà dé láàárọ̀, a fi omi rẹ̀ kún odò. Mo tan pọ́ǹpù, omi gun òkè, gbogbo rẹ̀ pátá gba iwájú òkúta sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn ń dán lára rẹ̀. Hàjíà Rahama dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màṣá Allah, Ìyá Ìtùnú, ẹ ti gbé ìlú òyìnbó wá sí GRA."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Fẹ́búárì

Ilẹ̀ mọ́, omi wà dé etí! Mo jó. Obìnrin tí orúnkún ń dùn, mo jó yí odò ká nínú bùbá tí mo fi sùn.

Mo gbé Bàbá Ìtùnú jáde, mo yí àga rẹ̀ sí odò. Ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe. Mo dúró kí oorun gbé e. Ó ṣe díẹ̀, ó ṣí ojú, ó wo omi, ó wò mí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 9 Fẹ́búárì

Kò jẹun. Ògiri ló ń wò.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Fẹ́búárì

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni n ó lọ sọ níbẹ̀? Odò kún, ó ń ṣàn, ó dùn ún wò ju ti ìgbà tó kọ́ ọ lọ, ẹni tí mo ṣe é fún kò fẹ́ rí i. Àìsàn yìí ti wọ ibi tí omi ò lè dé. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí débi pé bí wọ́n bá ní kí n sùn tì í kí n má jí, n kò ní bá wọn jiyàn.

Ọjọ́rú, 15 Fẹ́búárì

Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni mọ́tò ń bọ̀. Wọ́n ti kun yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Fẹ́búárì

Nọ́ọ̀sì tó ń wá ní Sátidé ń wẹ Bàbá Ìtùnú nínú ilé. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo jókòó sórí àga rẹ̀. N kò jókòó síbẹ̀ rí. Iná wà, omi ń lọ, ó dára lójú débi pé inú ń bí mi sí i. Mo di ojú kí n má baà rí i.

N kò gbọ́ nǹkan kan.

Pọ́ǹpù ń kùn. Rédíò Hàjíà ń ka Kùránì. Omi ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ lára òkúta, kò lóhùn. Mo ṣí ojú, mo tún un dì. Mo wá rántí èṣí. Láti inú kíṣìnnì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: gbùlù, gbùlù, gbùlù, bí ẹni ń bu omi nínú àmù tó jìn. Mo máa ń pariwo sí Bàbá Ìtùnú pé kó pa á, pé ó ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa gbọ̀n mí.

Inú ihò yẹn ni ohùn náà ti ń wá. Ọkọ mi mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò náà sí ni. Ọkùnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dí ibi tí omi ti ń jò kò lè gbàgbé ihò tí ewúrẹ́ lè sùn sí. Etí ló kọ́ ọ fún, kì í ṣe ojú, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń di ojú. Ilẹ̀ ihò náà ló sán, ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀ ló ń fẹ́. Èmi lọ dí ọ̀fun odò pa.

Ó sì ń sọ fún mi. Gbogbo bó ṣe ń kan àga yẹn, ó ń sọ fún mi pé kí n má ṣe é, mo ní inú rẹ̀ ń dùn, mo gbé e wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọlọ́run, ẹnu tirẹ̀ lo gbà. O ò gba etí tèmi. Kí ló wá ṣe mí?

Ọjọ́ Ajé, 20 Fẹ́búárì

Mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gé fóòmù náà kúrò. Ohun tí kò fẹ́ le ní Jánúárì ti wá le bí igi. Ó ń rún jáde wẹ́wẹ́, ọyẹ́ tó kù ń gbé e kiri àgbàlá bí òwú, ó wà nínú irun mi, nínú ọbẹ̀. NEPA ti mú iná lọ.

Mo bẹ Àúdù kó wá ràn mí lọ́wọ́. Ó dúró, ó wò mí pẹ́. "Màmá, ó ti dáa tẹ́lẹ̀ o. Ṣé ẹ̀ ń bá ara yín jà ni?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Fẹ́búárì

A yọ ọ́ tán ní ìrọ̀lẹ́, àyàfi èyí tó wọ inú kọ̀rọ̀. Kò síná, a ò lè dán an wò. Omi inú odò sì ti jò lọ láti ilẹ̀ ihò tó sán, bí àtijọ́. Àúdù ń lọ ṣínu nígbà tí mọ́tò Ẹ̀gbọ́n wọlé.

Ẹ̀gbọ́n wo fóòmù tó bo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní ká tètè gbéra láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Fẹ́búárì, Ọ̀mù-Àrán

Àná, mo ti wọṣọ fún Bàbá Ìtùnú, mo ti gbé e sórí àga rẹ̀ kí dírẹ́bà tó kó ẹrù tán. Ó kọ ojú sí ògiri. Iná ò tíì dé. Mo ń pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dé ni mo rí dúrọ́ọ̀mù omi mímu wa, tó kún.

Mo bu garawa kan. Mo gun orí òkúta, mo dà á láti òkè. Omi wọ ẹ̀yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá dáhùn: gbùlù, gbùlù.

Bàbá Ìtùnú yí ojú kúrò lára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ìyàwó wa, tún un dà."

Mo tún un dà. Ó ṣí fìlà lórí. Ó ní, "Ohùn odò ẹ̀yìn oko bàbá wa nìyí. Abẹ́ òkúta ló ń gbà. A kì í rí omi rẹ̀, à ń gbọ́ ọ ni. Ibẹ̀ ni ìyá wa máa ń tẹ́ àbúrò mi Bámidélé yìí sí tí wọ́n bá ń roko. Kì í sùn níbòmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì wà nílé?"

"Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí i, nígbà tí wọ́n ń la títì."

Ó bọ́ agbádá, ó gba garawa lọ́wọ́ mi. Ẹni tó sọ pé òkúta yìí ló mu agbára àbúrò òun tán ló ń pọn omi gun orí rẹ̀. Mo lọ gbé ẹ̀kọ wá. Bàbá Ìtùnú ti di ojú. Mo fi síbí kàn án létè, ó yanu. Ó jẹ ẹ́ tán nínú àwo. Dírẹ́bà fọn fèrè mọ́tò, Ẹ̀gbọ́n ní kó dúró, omi ṣì kù. Èmi tí n kì í jẹ́ kí wọ́n fi omi ìfọwọ́ ṣòfò, mò ń wo omi mímu wa bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ, mò ń bẹ Ọlọ́run kí dúrọ́ọ̀mù náà má tán.

Ó tán. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó fi Bàbá Ìtùnú sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó ní, "Odò ń jò, iná ò sí, omi ti tán. Ìyàwó wa, kí ló máa gbọ́ lọ́la?" A gbé Bàbá Ìtùnú wọ mọ́tò lójú oorun, ó sì sùn dé ilé.

Nínú yàrá tí wọ́n kùn ló ti jí. Ó gbé etí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ń wá ohùn náà. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó jáde. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn omi lábẹ́ fèrèsé. Ó ti gbé àmù ìyá wọn jáde, ó ń fi igbá bu omi, ó ń dà á láti òkè sínú rẹ̀.

Kò jọ ohùn odò wa rárá. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí ló ti ń bu ú, tó ń dà á padà. Bàbá Ìtùnú ò tíì di ojú. Ẹ̀gbọ́n ò tíì dáwọ́ dúró.